Kí ni kí n fi pa kòkòrò àfọwọ́so lára kí ó má baà tètè rì?

Àkọ́ṣẹ́ Apẹja (Sheffield)

Ẹ̀yin àgbà apẹja, mo kí i yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Láti ìgbà òtútù tí ó kọjá ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi so àwọn kòkòrò tí a fi ń tan ẹja trout, irú èyí tí ó yẹ kí ó léfòó lójú omi bí ẹni pé eṣinṣin odò ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà síbẹ̀. Odò Wye ní Derbyshire ni mo ti ń lò wọ́n. Ìrísí wọn kò burú, nítorí ẹja máa ń yọjú wò wọ́n, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ju okùn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, kòkòrò náà á ti mu omi yó, á sì rì. Oríṣi mẹ́ta ni mo ń so: èyí tí wọ́n ń pè ní Adams, èyí tí a fi irun àgbọ̀nrín ńlá tí wọ́n ń pè ní elk ṣe ìyẹ́ fún, àti èyí tí a fi ìyẹ́ CDC ṣe. Gẹ́ẹ̀lì kan tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ń fi pa gbogbo wọn, n kì í sì í ṣahun rẹ̀, síbẹ̀ ti CDC ni ó tún burú jù. Kí ni ẹ̀yin ń lò, báwo ni ẹ sì ṣe ń lò ó? Owó tí mo ní láti ná lórí ìgò kéékèèké kò pọ̀.

Baba Odò Test (Hampshire)

Àbúrò, o kú ìsapá. Ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa CDC ni ó jẹ́ kí n mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó yí àpò òróró orí ìrù pẹ́pẹ́yẹ ká ni à ń pè ní CDC. Ibẹ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ ń ki ẹnu bọ̀ tí ó bá fẹ́ fi òróró ra ìyẹ́ ara rẹ̀. Òróró díẹ̀ wà lára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ń gbé wọn lékè jù ni afẹ́fẹ́ tí àwọn fọ́nrán wọn há mọ́ra. Nígbà tí o bá wá fi gẹ́ẹ̀lì pa á, àwọn fọ́nrán náà á lẹ̀ mọ́ra bí irun tí òróró pọ̀ jù lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde, kòkòrò á sì gba ìsàlẹ̀ odò lọ.

Rántí ewé kókò lẹ́yìn òjò. Omi máa ń yí lórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewé náà kò ní ọ̀rá tí ọwọ́ lè fọwọ́ bà. Ìda fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà lórí ara kan tí ó rí ṣákaṣàka, tí ojú lásán kò lè rí. Àtíkè silica ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Frog's Fanny ni mo ń lò, ó ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré lẹ́nu ìdérí. Mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì náà ti àtíkè wọnú ìyẹ́ láti ìdí, mo sì máa ń fẹ́ èyí tí ó bá ṣẹ́kù dànù, àmọ́ n kì í fà á símú, ìwọ náà má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti Adams àti ti elk, gẹ́ẹ̀lì tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n kí ó mọ níwọ̀n. Ìwọ̀n tí kò ju orí ìṣáná kan lọ ni kí o fi sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, kí o fi ra á títí yóò fi yòrò tí yóò sì mọ́ bí omi, kí o tó wá fọwọ́ tọ́ etí ìyẹ́ náà. Bí o bá ju kòkòrò sódò tí o sì rí òrùka ọ̀rá tí ń tàn yí i ká, o ti ṣe àṣejù. Má sì fi gẹ́ẹ̀lì pa kòkòrò tí ó ti tutù, nítorí ńṣe ni o kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi sínú ilé.

Arábìnrin Catskill (New York)

Mo fara mọ́ ohun tí Baba sọ nípa àtíkè, ṣùgbọ́n ní tèmi, etí odò ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Kòkòrò tí kò tíì kan omi rí ni ó dára jù láti tọ́jú. Omi wa níbí kì í ṣe omi jẹ́jẹ́ bíi ti odò Test. Ó ń sáré, ó sì ń ta lórí òkúta. Ìdí nìyẹn tí Theodore Gordon, apẹja ilẹ̀ wa níbí, ẹni tí Halford, àgbà apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àwọn kòkòrò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí ní 1890, kò fi lò wọ́n bí wọ́n ṣe wà, tí ó fi so tirẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tí ó le gan-an, èyí tí ó lè dúró lórí irú omi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fi so ó. Irun ẹranko inú omi bíi beaver kì í tètè mu omi, òwú ọ̀gbọ̀ àti irun àgùntàn ń mu ún bí kànìnkànìn. Ìwọ̀ tí irin rẹ̀ bá nípọn jù, kò sí oògùn tí yóò gbé e dúró.

Oògùn tèmi kò wọ́n. Mo máa ń ha ìda àbẹ́là funfun, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò kan lọ, sínú ìgò kékeré tí mo ti rọ epo láítà sí dé ìdajì. Mo máa ń gbé ìgò náà ka inú abọ́ omi gbígbóná, fèrèsé á wà ní ṣíṣí, iná kankan kò sì gbọdọ̀ sí nítòsí, torí epo yẹn ń gbaná bíi bẹntiróòlù. Bí ìda náà bá ti yòrò tán, mo máa ń ri kòkòrò bọ inú rẹ̀, mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí n tó yọ ọ́, kí n sì gún un mọ́ orí fóòmù títí di ọjọ́ kejì. Epo á fẹ́ lọ, ìda á ṣẹ́kù sínú irun àti òwú. Bí ẹ bá rí i tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni da èlùbọ́ lé e, ìda ti pọ̀ jù. Ẹ fi epo díẹ̀ là á. Ẹ má ri CDC bọ̀ ọ́ o.

Ọmọ Ṣakí (Manchester)

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Òrí kì í wọ́n mi nílé, ìyá mi ń fi í ránṣẹ́ láti Òkè Ògùn lọ́dọọdún. Ṣé kò lè ṣe iṣẹ́ tí gẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi yìí ń ṣe? Omi ṣáà kì í dúró lára ẹni tí ó bá fi òrí para.

Baba Odò Test (Hampshire)

Ọmọ Ṣakí, mo ti dán an wò, n kò sì ní parọ́ fún ọ. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí oòrùn mú, ó gbé kòkòrò onírun elk lékè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní oṣù kẹrin, tí ọwọ́ mi ti kú fún òtútù, ó dì gbagidi mọ́ ìyẹ́, kòkòrò mi sì dà bí èyí tí ó já sínú ọbẹ̀ ẹran àná. Jẹ́ kí òrí máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára rẹ, kí o sì rí i pé o nu ọwọ́ rẹ dáadáa kí o tó fọwọ́ kan ìyẹ́ CDC, nítorí ọ̀rá ìka nìkan tó láti bà á jẹ́.

Apẹja Usk (Wales)

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kún un. Àkọ́kọ́, ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ fi sípíréè tí wọ́n ń fín sórí àga tìmùtìmù fín kòkòrò yín. Èmi náà ṣe é rí, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ 3M kéde pé àwọn yóò jáwọ́ nínú èròjà PFOS tí ó wà nínú Scotchgard, irú sípíréè bẹ́ẹ̀, nígbà náà, nítorí pé kì í jẹrà nínú ayé àti nínú ara. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, n kò fẹ́ kí irú ìdílé èròjà bẹ́ẹ̀ ti ọwọ́ mi wọ odò tí mo ti ń pẹja.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo ara kòkòrò ni ó yẹ kí ó gbẹ. Kòkòrò àfọwọ́so tí wọ́n ń pè ní Klinkhåmer, tí Hans van Klinken so ní àwọn ọdún 1980, ńṣe ni ìdí rẹ̀ ń rọ̀ sínú omi, tí orí àti ìyẹ́ nìkan sì ń léfòó. Bí ẹ bá pa ìdí rẹ̀ lóògùn, ẹ ti sọ ọ́ di kòkòrò mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ń gbà mí lójoojúmọ́, rọ́bà kékeré tí a fi ń so owó ni mo sì ń fi ṣe é. Lẹ́yìn tí ẹja bá ti fi itọ́ yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ bo kòkòrò mi, mo máa ń ṣàn án nínú odò, mo máa ń fi ìwọ̀ kọ́ rọ́bà náà, mo máa ń fà á le, kí n sì ta á bí ẹni ta okùn gòjé. Omi á fọ́n jáde lára rẹ̀ bí èéfín. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, kí n tó fi àtíkè sí i.

Àkọ́ṣẹ́ Apẹja (Sheffield)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ri Adams mẹ́rin bọ ìda lálẹ́ ọjọ́bọ̀, mo sì gbé wọn lọ sódò ní Sátidé. Ọ̀kan nínú wọn léfòó fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan, bí mo ti ń fì í lófuurufú díẹ̀díẹ̀ láti gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹja méjì sì gbà á. Ìṣòro tí ó kù ni pé CDC mẹ́fà wà nínú àpótí mi tí mo ti fi gẹ́ẹ̀lì bà jẹ́. Ṣé wọ́n ṣeé fọ̀, àbí kí n tú ìwọ̀ wọn lò?

Arábìnrin Catskill (New York)

Wọ́n ṣeé fọ̀. Ẹ ri wọ́n bọ epo láítà tí kò ní ìda nínú, ẹ mì ín díẹ̀, kí ẹ yọ wọ́n kí wọ́n gbẹ, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i bí àwọn fọ́nrán náà bá ṣì lẹ̀ pọ̀. Òróró pẹ́pẹ́yẹ á bá a lọ, ṣùgbọ́n àtíkè á dípò rẹ̀. Ẹ má da epo tí ẹ lò tán sí kòtò ìdọ̀tí tàbí sódò; inú ìgò onídèérí ni kí ó wà títí ẹ ó fi gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba irú rẹ̀.