Máàkì Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́: Ìrírí Wa Pẹ̀lú Destiny 2

Ẹni àkọ́kọ́

Láti ìgbà tí Destiny àkọ́kọ́, géèmù ìbọn yíyìn, ti jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni mo ti ń gbá a, nítorí náà mo mọ àbùkù rẹ̀ bí ẹni mowó. Ìbọn yíyìn inú rẹ̀ dùn mọ́ni lọ́wọ́, ìkógun inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ìbọn àti ohun èlò tó ń bọ́ lára ọ̀tá, kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè sùn, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò lórí, kò nídìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òun ń torí rẹ̀ jà gbọ́dọ̀ kúrò nínú géèmù náà, kí ó lọ ka àwọn káàdì Grimoire lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn alámèyítọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, àpapọ̀ máàkì wọn ní Metacritic, ojúlé tó ń kó máàkì àwọn alámèyítọ́ jọ, fún ti PlayStation 4 sì jẹ́ 76 nínú 100. Nígbà tí apá kejì dé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, tí mo rí i pé 85 ni tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọ ọ́ pé ìtàn náà ti wá létò, ọkàn mi balẹ̀, mo rà á láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i pé wọn kò parọ́. Ní alẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀ sórí Ilé Ìṣọ́, ibùdó àwa akọni, tí iná ń jó, àwọn ọmọ ogun Ghaul, olórí ọ̀tá, ti ya wọ ìlú, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zavala, ọ̀gágun wa, níbi tí ààbò rẹ̀ elésè àlùkò ti bo gbogbo wa bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tí àdó olóró sì ń bú gbàmù lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba Ìmọ́lẹ̀, agbára tí akọni fi ń jà, lọ́wọ́ mi. Akọni tí mo ti ń fi fò kiri láti ọdún mẹ́ta di ẹni tó ń tiro, tó fọwọ́ mú ìhà, tó ń tẹ̀ lé ẹyẹ àṣá kan láàárín àwókù ìlú. Èmi tí mo máa ń fo ọ̀rọ̀ ìtàn inú géèmù kọjá, n kò fo ìkankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí tèmi ju 85 lọ.

Ṣùgbọ́n nínú géèmù ìkógun, ìgbà tí ìtàn bá parí ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nínú apá àkọ́kọ́, ìbọn méjì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà kí àbùdá wọn má sì dọ́gba, nítorí pé bí ẹni ṣẹ́ kèké ni géèmù náà ṣe ń pín àbùdá fún wọn. Mo lè gba ìbọn kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n sì fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tí apá kejì jáde, wọ́n ti mú kèké náà kúrò, ìbọn kọ̀ọ̀kan sì ní àbùdá kan ṣoṣo tí kì í yí padà. Mo rántí alẹ́ tí ìbọn kan tó ń jẹ́ Uriel's Gift bọ́ sí mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà àkọ́kọ́, mo pariwo débi pé àwọn tí a jọ ń gbá a bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà kejì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, mo wo àwọn méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí ìyàtọ̀ bó ti wù kó kéré mọ. Mo tú u palẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ìkógun bá bọ́ lára ọ̀tá, n kì í sáré lọ gbé e mọ́, bẹ́ẹ̀ sáré yẹn gan-an ni adùn irú géèmù yìí.

Mo padà lọ ka àwọn àyẹ̀wò tí mo fi pamọ́. N kò rí irọ́ kan nínú wọn, ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n ni mo rí. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ló ní, gbogbo ìbọn ni yóò jẹ́ tuntun lójú rẹ̀, kò sì ní tíì pẹ́ tó láti mọ bí ọkàn ṣe ń rí nígbà tí ohun kan náà bá bọ́ síni lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kẹfà.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣeé ṣe fún wọn láti mọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn kan lára wa tó ń ṣírò ìrírí (XP), àmì tí a ń kó jọ láti gun ìpele, rí i pé iye tó ń wọlé ní tòótọ́ máa ń kéré sí iye tí géèmù náà ń kọ síwájú ojú. Àwọn tó ṣe é gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mú àdínkù náà kúrò, ṣùgbọ́n iye tí ìpele kan ń gbà kúrò ní 80,000, ó di 160,000. Ọ̀rọ̀ náà dun ènìyàn nítorí pé ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní Bright Engram kan nígbà náà, ìyẹn àpò ẹ̀bùn tí a kì í mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí a tó ṣí i, Bright Engram kan náà yìí sì ni Eververse, ìsọ̀ inú géèmù náà, ń tà nígbà náà fún Silver tí a ń fi owó gidi rà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, àfikún Curse of Osiris dé, àwọn tí kò rà á sì bá ilẹ̀kùn ní títì níwájú àwọn nǹkan kan tí wọ́n ti ń gbá tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún ìyẹn ṣe nígbà tí ariwo pọ̀. Àwọn alámèyítọ́ fún àfikún náà ní máàkì tó rẹlẹ̀ gan-an sí ti géèmù fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí àfikún Forsaken jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Wọ́n dá kèké àbùdá padà, èmi náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ gbé ìkógun. Síbẹ̀, 85 yẹn wà níbi tó wà. Kò sọ̀ kalẹ̀ ní oṣù tí inú wa bàjẹ́ jù, kò sì gòkè ní oṣù tí inú wa dùn jù. Nísinsìnyí, bí mo bá fẹ́ ka àyẹ̀wò irú géèmù yìí, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ni mo ń wá ibi tí òǹkọ̀wé ti sọ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tí ìtàn parí. Bí n kò bá rí ibẹ̀, mo máa ń dúró dìgbà tí ẹlòmíràn yóò kọ ọ́.

Ẹni kejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Èmi kò sí níbẹ̀ ní ọdún 2017. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni mo wọlé, nígbà tí wọ́n sọ géèmù náà di ọ̀fẹ́ lábẹ́ orúkọ New Light, ìtàn Red War tí ẹ ń sọ yìí sì wà lára ohun tí a gbà láìsan kọ́bọ̀. N kò kánjú gbá a, mo rò pé ohun tó wà nílé kì í sá lọ.

Nígbà tó di àárín ọdún 2020, wọ́n kéde pé bí àfikún Beyond Light bá ti dé ní oṣù kọkànlá, àwọn yóò kó ìtàn náà wọ àká, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè gbá a mọ́, pẹ̀lú àwọn ibi tí a ti ń jà nínú géèmù náà: Io, Titan, Mercury, Mars àti Leviathan. Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo parí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀, mo wá ń padà lọ sí Titan lálaalẹ́ láìní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Orí irin tí wọ́n kàn sójú òkun ni ènìyàn ń dúró sí, ìgbì a máa ru gìrìrì lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ẹ bá sì bọ́ sínú rẹ̀, ikú ni. Mo máa ń lọ dúró ní etí irin náà, màá gbé ìbọn sọ́rùn, màá kàn máa wo omi. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, tí mo ṣí àwòrán àwọn ìràwọ̀, Titan kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ibì kan wà tí èrò wa kò ti papọ̀. Òótọ́ ni pé àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò lè sọ fún yín bí oṣù kẹta yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n kó ìtàn náà lọ, mo lọ ka ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n kọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, òǹkọ̀wé náà sì ti fara balẹ̀ ṣàpèjúwe òjò orí Ilé Ìṣọ́, ìtiro láàárín àwókù, àti ẹyẹ àṣá tó ń ṣáájú. Ó kọ ọ́ nígbà tí ohun gbogbo ṣì jẹ́ tuntun lójú rẹ̀, bí èmi náà ṣe rí i nìyẹn. N kò tilẹ̀ wo iye máàkì tó fún un. Mo ti tọ́jú ojú ìwé náà.