A ti lọ wo ọgbà àjàrà, a ti padà sí Kàbà

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ rántí pé mo béèrè oṣù tó yẹ kí èmi àti ìyàwó mi lọ wo ọgbà àjàrà tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì ní Gúúsù Áfíríkà, àti bí a ṣe máa rìn láti oko kan sí èkejì láì wa ọkọ̀ lẹ́yìn ọtí.

Ẹni tó ní ká lọ ní oṣù kẹta, ẹ ṣeun. Ìkórè ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí a dé Stellenbosch, tí kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà sí Cape Town. Ní Franschhoek, ìlú ọgbà àjàrà mìíràn nítòsí ibẹ̀, tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin kékeré, ló ń já wa sí oko kan, tí òmíràn á tún wá gbé wa.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín: wọ́n gbé ife kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé ká máa tu wáìnì tí a bá ti tọ́ wò sínú rẹ̀. Ká tu ọtí dànù! Bàbá mi tó ń dá ẹmu ní Ìyàrà á ní orí wọn ti dàrú. Èmi gbé tèmi mì. Pinotage ni mo gbádùn jù, wáìnì láti ara àjàrà tí onímọ̀ àjàrà kan, Abraham Perold, so irú àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, pọ̀ kó tó rí ní 1925, ní Stellenbosch níbẹ̀. Ó pọ́n dúdú bíi sóbò. Ìyàwó mi ní ẹmu òwúrọ̀ ṣì dùn jù ú. Kò kúkú purọ́.

Físà ló fi àkókò wa ṣòfò jù, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ. Ìbéèrè mi ti parí. Ìgò kan ṣẹ́ kù nílé. Ẹni tó bá gba Kàbà kọjá, kó yà.