Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: a fẹ́ fún ìyá tó ń ṣa ike láàdúgbò wa ní àwọ́ọ̀dù, àwọn kan ní kò yẹ

Akọ̀wé_Àdúgbò (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa n'Ìbàdàn níbí, ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n gbé e wá síbí bóyá ẹnìkan ti ṣe irú ẹ̀ rí. Gbogbo ìparí ọdún la máa ń fún àwọn èèyàn ní àwọ́ọ̀dù níbi pátì àdúgbò, àwọn tá a sì máa ń fún ò ju ẹni tó dá owó tiransifọ́mà, ẹni tó da òkúta sójú títì, àti káńsẹ́lọ̀ tó bá wà lórí àga nígbà yẹn.

Lọ́dún yìí èmi dárúkọ ìyá kan tó ń se mọ́ínmọ́ín tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá odò wa. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ìyá yìí ti so àpò ìrẹsì òfìfo mẹ́rin mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀kan fún ike omi àti ike mínírà, ọ̀kan fún agolo, ọ̀kan fún páálí. Ọmọ tó bá kó ogún ike wá á gba mọ́ínmọ́ín kan, àwọn ọmọ àdúgbò wa wá sọ ọ́ di eré, tí wọ́n bá ń ti súkúù bọ̀ wọ́n á máa wo inú gọ́tà. Nígbà tí gbogbo èèyàn sì ti ń fi ọ̀rá se mọ́ínmọ́ín, ewé ló dúró tì títí dòní. Kó tó bẹ̀rẹ̀, òjò ò lè rọ̀ fún wákàtí kan kí omi má gorí afárá yẹn, torí ike àti ọ̀rá ló máa ń dí ihò abẹ́ ẹ̀. Ilé tèmi ni ilé kejì sí odò o, mo mọ nǹkan tí mò ń sọ. August 26, 2011 tí omi ṣọṣẹ́ n'Ìbàdàn tó pa èèyàn tó lé ní 100, orí tábìlì la gbé àwọn ọmọ sí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹnìkejì tí mo dárúkọ ni ọmọkùnrin Hausa kan tó ń ti ọmọlanke, òun ló máa ń wá kó gbogbo ẹ̀ lọ ní Wẹ́sìdeè àti Sátidé.

Bí mo ṣe sọ ọ́ ní mítìn, bàbá kan ní ṣé ẹni tó ń ṣa pàǹtírí la fẹ́ pè wá jókòó ti káńsẹ́lọ̀. Ẹlòmíì ní ṣebí ó ń tà á ni, owó tó ń rí níbẹ̀ ti tó o. Ó dùn mí gan-an, àmọ́ mi ò rí èsì gidi fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè sọ fún wọn, tí wọ́n bá sì gbà, kí ló yẹ ká fún wọn?

ÌyáÌbejì_Mushin

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ti owó tí wọ́n ní ó ń rí yẹn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ iye ike tó ń wọ kílò kan. Èmi náà ń kó o jọ fún àwọn tó ń wá rà á ládùúgbò wa l'Ékòó, ike omi kékeré 50cl yẹn fúyẹ́ débi pé á tó bí 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pé kílò kan, ti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tiẹ̀ tún burú, èèyàn á kó o títí ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ẹni tó ń wá owó nìkan ò ní ṣe é fún ọdún mẹ́fà, á ti bá nǹkan míì lọ tipẹ́.

Kí wọ́n sì gbọ́ eléyìí náà. Àwọn Wecyclers tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ l'Ékòó níbí lọ́dún 2012, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà yẹn wọ́n máa ń gbé e wọ àwọn àdúgbò tí mọ́tò PSP tó ń kó ilẹ̀ ò lè wọ̀, wọ́n á wọn ike táwọn èèyàn bá kó jọ, wọ́n á fi poínǹtì ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, wọ́n á fi poínǹtì yẹn gba nǹkan ìlò inú ilé. Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni, wọn ò fi pamọ́. Síbẹ̀ King Baudouin Foundation ní Bẹ́ljíọ̀mù fún wọn ní ẹ̀bùn Áfíríkà ti 2018-2019, €200,000. Ẹni tó bá ń rí oúnjẹ jẹ nídìí iṣẹ́ tó ń gba gbogbo wa là, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹni tí a ò gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ti ẹ̀bùn, ẹ má fún un ní gíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ sí lásán, ìyẹn á kàn wà lórí tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn, bọ́ọ̀tì òjò, àti síkéèlì tí wọ́n máa ń gbé nǹkan kọ́. Síkéèlì yẹn ṣe pàtàkì jù, torí pé síkéèlì ẹni tó ń rà á ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tí ẹni náà bá sọ pé kílò mẹ́wàá ni, mẹ́wàá náà ni o. Ojú mi ti rí i.

Bàbá_Wọléwọlé

Ọmọ mi akọ̀wé, o ṣeun tó o ronú kan èyí. Iṣẹ́ wọlé-wọlé ni mo ṣe fẹ̀yìntì. Nígbà tiwa, tí àwọn ìyá bá ti rí wa lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú káàkí, ọ̀kan á ti máa da omi àmù nù torí tanwíjí, ìkejì á ti máa gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, a sì máa ń fún ẹni tí ilé ẹ̀ bá dọ̀tí ní sámáńsì. Nígbà ìjọba Bùhárí àti Ìdíàgbọn náà, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dúró sílé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kí wọ́n tún àyíká ṣe. Gbogbo ẹ̀ ló ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ló ń mú wọn ṣe é, bí a bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, wọ́n á tún gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ lọ sétí odò lóru. Ìyá tó ò ń sọ yìí ò ní káàkí, kò ní ìwé sámáńsì lọ́wọ́, ọmọdé wá ń wo inú gọ́tà fún un. Ohun tí àwa wá fún ogún ọdún ó lé tí a ò rí nìyẹn, kí o sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn lándílọ́ọ̀dù ẹ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Mo wà n'Ìbàdàn nígbà tí odò Ògùnpa kún ní August 31, 1980. Lẹ́yìn tí omi fà, mo wà lára àwọn tó lọ wo abẹ́ àwọn afárá. Pàǹtírí ilé ni, tìmùtìmù, àgbá, páànù, gbogbo nǹkan tí èèyàn ti sọ sómi pé odò á gbé e lọ. Odò ò gbé e lọ. Mi ò fẹ́ rántí àwọn nǹkan míì tá a rí níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: kọ́kọ́ lọ bá ìyá náà nílé, ìwọ àti àgbà obìnrin kan. Má ṣe jẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu maiki ló ti máa gbọ́ orúkọ ara ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ lè má fẹ́, òun fúnra ẹ̀ sì lè ní nǹkan tó ń wá tí kò sí lọ́kàn ìwọ.

Tíṣà_Bọ́sẹ̀

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí wọ̀ mí lára gan-an. Èmi fẹ́ sọ ti ẹni tó ń ti ọmọlanke, torí mo rí i pé gbogbo wa ti ń gbàgbé ẹ̀.

Tí kò bá sí òun, àpò mẹ́rin ìyá yẹn á kún, á di ààtàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́. Àmọ́ kí ni wọ́n ń fojú ẹ̀ rí láàdúgbò? Ládùúgbò tiwa, ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan bá sọnù, àwọn tó ń ṣa kọ́ńdẹ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú, wọ́n lu ọ̀kan lójú mi, jẹnẹrétọ̀ wá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Fún irú wọn, lẹ́tà ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, tó ní fọ́tò ẹ̀ àti orúkọ ẹ̀ gan-an, kì í ṣe "àbókí", èyí tó lè fi han àwọn gádì ní géètì, ó ju àwọ́ọ̀dù kí àwọ́ọ̀dù lọ. Ẹ bi í ní orúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe pè é.

Ti àwọn tó ní ìtìjú ni, ẹ sọ fún wọn nípa Isatou Ceesay ní orílẹ̀-èdè Gambia. Abúlé Njau ni, ọdún 1997, òun àti obìnrin mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rá nílẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wá ń fi hun pọ́ọ̀sì. Àwọn ará abúlé fi wọ́n ṣẹ̀sín nígbà yẹn. Lónìí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀rá àti ike ní Gambia, orúkọ ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde. L'Ájégúnlẹ̀ náà, African Cleanup Initiative bá ilé-ìwé kan ṣe é débi pé àwọn òbí ń kó ike wá fi san lára owó súkúù ọmọ, mo sì mọ̀ pé ìtìjú ò jẹ́ kí àwọn kan kọ́kọ́ fẹ́ gbé àpò yẹn lórí wọ géètì, nígbà tó yá wọ́n ń tò sórí ìlà.

Ọmọ_Òkè_Ògùn

Èmi ò lòdì sí i, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Àdúgbò wa ṣe irú ẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń kó gọ́tà, nígbà tó fi máa di ọdún kejì àwọn olóṣèlú ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n ń fún ara wọn ní àwọ́ọ̀dù ìmọ́tótó, ẹni tó ń kó gọ́tà wá wà lẹ́yìn ń pín omi. Ẹ fi òfin kan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kí ẹni mẹ́ta tí kò bá a tan lè sọ pé àwọn rí i tó ń ṣe é. Ẹ má gba owó ìpolówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ilé kọ̀ọ̀kan náà so àpò méjì mọ́ ẹ̀yìnkùlé tiwọn o, torí tí ìyá yẹn bá ṣàìsàn lọ́la, ta ló máa ṣe é?

Akọ̀wé_Àdúgbò (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti lọ. Èmi àti Ìyá Alákàrà tó jẹ́ ìyálọ́jà wa la jọ lọ bá a lánàá, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ. Ó kọ́kọ́ rò pé a wá lé òun kúrò létí afárá ni, ó ti ń bẹ̀ wá, omi bọ́ lójú Ìyá Alákàrà. Nígbà tó yé e, ó ní inú òun dùn, òun ò kọ pátì, àmọ́ nǹkan méjì lòun ń fẹ́ kójò tó bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ fún òun ní àyè kékeré ẹ̀yìn tiransifọ́mà àtijọ́ kí òun fi páànù bò ó, torí tí òjò bá pa páálí, kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́. Ìkejì, kí á sọ fún àwọn ìyàwó ilé kí wọ́n yé fi páńpásì sínú àpò òun, kí wọ́n sì máa fi omi ṣan ike kí wọ́n tó gbé e wá, eèrà àti eṣinṣin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó ṣòro fún òun láti ta mọ́ínmọ́ín níbẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke náà, Sani lorúkọ ẹ̀. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀, lẹ́tà wà lọ́wọ́ ṣíámaànù, ó ní òun máa fọwọ́ sí i ní mítìn ọjọ́ Sọ́ńdè. Bàbá tó sọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn ò tíì gbà o, àmọ́ kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Wọléwọlé sí wọn létí.

Ó ku síkéèlì. ÌyáÌbejì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tí èyí tí mo bá rà ò bá péye?

ÌyáÌbejì_Mushin

Ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó dán an wò. Ẹ rà á níbi tó súnmọ́ ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé àpò kan tí wọn ò tíì já kọ́ ọ, 50kg ló gbọ́dọ̀ sọ. Tó bá sọ 46 tàbí 54, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ mú ìyá náà dání, kó rí i fúnra ẹ̀.