Àjọpín kọ́, àjọní ni: lórí orúkọ tí a ó fún iṣẹ́ ìtọ́jú etíkun láàrin orílẹ̀-èdè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní òun ń wá gbólóhùn kan tí a ó máa lò nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà létí òkun kan náà, pẹ̀lú àwọn àjọ àti ẹgbẹ́ inú wọn, bá para pọ̀ láti tọ́jú ohun tí òkun fún wọn. Ó dábàá “ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ìkọjá-ààlà fún ìdáàbòbò ohun àlùmọ́nì àjọpín etíkun”. Àwọn kan ti fọwọ́ sí i, wọ́n ní ó kún, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Èmi ò lè fọwọ́ sí i. Gígùn rẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú rẹ̀ tó ń sọ òdìkejì ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, bí a bá sì fi í sínú ìwé tí a kọ fún àwọn apẹja, wọn ó gbọ́ ọ sódì.

Ẹ jẹ́ kí n mú “àjọpín” ṣáájú, òun ló burú jù.

Kí ni pípín nínú èdè wa? Bí wọ́n bá ní àwọn ọmọ bàbá kan ti pín ogún, ohun tí à ń gbọ́ ni pé kálukú ti mọ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ta tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ kí tirẹ̀ wó. Ogún tí wọn kò tíì pín ni gbogbo wọn jọ ní, òun ni ẹnì kan kò lè dá tà láìbi àwọn tó kù. Nítorí náà, ohun tí a bá ti jọ pín, a kò jọ ní i mọ́. Mo mọ̀ pé lórí ayélujára “pín” ti ń gba ìtumọ̀ mìíràn, tí wọ́n ń sọ pé “ẹ pín fídíò yìí”. Àmọ́ fídíò tí mo pín fún yín kò dín kù lọ́wọ́ mi. Ẹja tí apẹja kan bá kó, kò sí lómi mọ́ fún ẹlòmíràn.

Ẹ wo ẹja ṣáwá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sardinella. Láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Côte d'Ivoire àti Gánà. Omi yìí ló ń gbé oúnjẹ tí àwọn ohun tíntìntín inú òkun fi ń gbèrú wá sójú omi, ṣáwá á sì wọ́ tọ oúnjẹ lọ. Àwọn apẹja Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ náà ń dẹ àwọ̀n dè é. Kò sí ṣáwá Gánà, kò sí ṣáwá Bẹ̀nẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè kan bá fòfin de ìpẹja fún oṣù kan kí ẹja lè yé ẹyin, kí ọmọ rẹ̀ sì dàgbà, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja, òfin náà di asán, ebi oṣù kan tí àwọn apẹja fara dà sì di òfo. Ta ló wá pín kí nínú ìyẹn?

Ẹni tó dábàá àjọpín fèsì pé òfin àgbáyé fúnra rẹ̀ ló pín òkun. Òótọ́ ni. Àdéhùn Òfin Òkun ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n buwọ́ lù ní 1982, fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó wà létí òkun ní ẹ̀tọ́ lórí ẹja àti àwọn nǹkan mìíràn títí dé 200 máìlì òkun. Àmọ́ kò dákẹ́ síbẹ̀. Abala 63 rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹja tó ń gbé nínú omi orílẹ̀-èdè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní kí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn wá bí wọn yóò ṣe fohùn ṣọ̀kan lórí ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn tó kọ òfin mọ̀ pé omi ṣeé pín, ẹja inú rẹ̀ ni kò ṣeé pín.

Àyè kan ṣoṣo wà tí mo rò pé àjọpín tọ́ sí. Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Ìlú Ọba àti Nọ́wè máa ń jókòó lọ́dọọdún láti fẹnu kò lórí ìwọ̀n àwọn ẹja kan tí a lè kó nínú Òkun Àríwá, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín ìwọ̀n náà láàrin ara wọn. Ìwọ̀n tí wọ́n pín yẹn, ẹ pè é ní àjọpín, n kò ní í jà. Ẹja tó ṣì wà nínú omi tó ń bímọ, àjọní ni. Àwọn tó fẹ́ “àjùmọ̀ní” náà kò ṣìnà, ó ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn tipẹ́. “Àjọní” ló wù mí nítorí pé ó kúrú, ó sì bá àjọṣe, àjọbí àti àjọgbé rìn. Ẹ sì rántí ohun tí àwọn àgbà ń sọ: àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Jíjọ ní ń béèrè pé kí kálukú mú nǹkan wá. Ohun tí pípín kò béèrè nìyẹn.

Ó ku “ìkọjá-ààlà”. Bí a bá ní ẹnì kan kọjá ààlà, ó ti ṣe àṣejù ni, tàbí ó ti wọ oko olóko. Kò sí ibi tí mo ti gbọ́ ọ rí tó ní ire nínú. “Àjọ tó ń ṣiṣẹ́ kọjá ààlà”: bí mo bá gbọ́ èyí lórí rédíò, ọkàn mi á lọ sí ọkọ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ orí omi ń lé. Ìkọjá-ààlà gan-an sì ni ọ̀kan nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí irú àwọn àjọ wọ̀nyí ń bá jà. Ìgbìmọ̀ ìpẹja kan wà tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FCWC. Bẹ̀nẹ̀, Côte d'Ivoire, Gánà, Làìbéríà, Nàìjíríà àti Tógò ló dá a sílẹ̀ ní 2007, Tema ní Gánà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ọkọ̀ ìpẹja tí wọ́n bá ti fagi lé ìwé àṣẹ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan lè kun ọ̀dà tuntun, kó yí orúkọ padà, kó sì lọ béèrè ìwé àṣẹ mìíràn lẹ́yìn ààlà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Kò sí bí a ṣe lè mú un bí àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà wọ̀nyí kò bá ń fi ìròyìn nípa ọkọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, ohun tí wọ́n sì ń ṣe nìyẹn. Ṣé iṣẹ́ tó ń dí ọ̀nà mọ́ akọjá-ààlà la ó wá fi ìkọjá-ààlà pè?

Èyí ni àwọn kan rí tí wọ́n fi ní kí a lo “pààlà” dípò rẹ̀: àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ pààlà. Ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jẹ́ Yorùbá tó dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo iyanrìn.

Láti etíkun Gánà wá sí Nàìjíríà, ìgbì òkun kì í kọlu ilẹ̀ gbọnrangandan. Láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ti ń wá, ó ń fẹ̀gbẹ́ kọlu ilẹ̀, ó sì ń ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn láìsinmi. Odò Volta ní Gánà ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó iyanrìn wá fún ìgbì yìí. Nígbà tí wọ́n parí dáàmù Akosombo lórí odò náà ní 1965, iyanrìn tó yẹ kó dé òkun bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sẹ́yìn dáàmù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣí èbúté Lomé ní 1968. Ògiri òkúta tí wọ́n nà sínú omi láti fi dáàbò bo èbúté náà dá iyanrìn dúró: ilẹ̀ ń gbòòrò sí i ní ìwọ̀ oòrùn èbúté, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ ní ìlà oòrùn rẹ̀, lọ́nà Aného, ìlú kan ní Tógò. Ilé lọ, ọ̀nà lọ, igi àgbọn lọ. Ẹni tí omi gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ní Aného kò mọ nǹkan kan nípa dáàmù.

Gánà kò bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Tógò ló wà láàrin wọn. Síbẹ̀ ohun tí wọ́n bá ṣe sí iyanrìn ní ẹnu Volta lè dé etíkun Bẹ̀nẹ̀. Bí a bá ní “àwọn tó jọ pààlà” nìkan, a ti yọ Gánà kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ibí ni mo dúró sí báyìí: kí ọ̀rọ̀ “ààlà” má sí nínú orúkọ náà rárá. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni etíkun, orí etíkun ni kí orúkọ náà dúró lé. Àdéhùn Abidjan, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí ìtọ́jú òkun àti etíkun wọn, tí wọ́n gbà ní 1981, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984, ti mọ èyí tipẹ́: láti Mauritania títí dé Gúúsù Áfíríkà ló kó gbogbo etíkun Atlantic pọ̀. Bí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ sì ṣe tún etíkun ṣe láti Agbodrafo ní Tógò títí dé Grand-Popo ní Bẹ̀nẹ̀ lábẹ́ WACA, ètò ìtọ́jú etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Báńkì Àgbáyé ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n mú un bí etíkun kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnubodè wà láàrin rẹ̀.

“Ohun àlùmọ́nì” kò gba àkókò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, epo rọ̀bì àti wúrà ló máa rò, ohun tí à ń wà jáde. Ẹja kọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìjàpá òkun, tàbí àwọn igi tó ń hù nínú omi iyọ̀ tí gbòǹgbò wọn yọ síta, tí ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. “Ọrọ̀ etíkun” tó. Kí á sá ti rí i pé a fi àmì sí i, kó má di “ọ̀rọ̀”.

Orúkọ iṣẹ́ náà gan-an ló kù. Ẹnì kan mú “àjọṣọ́” wá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ó yára, ó sì ní agbára. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ṣíṣọ́ ń wo olè nìkan. A lè ṣọ́ ilé tó ń wó lọ. Etíkun tí a kàn ń ṣọ́, iyanrìn rẹ̀ yóò ṣì lọ. Kí á fi àjọṣọ́ sílẹ̀ fún ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ àti ìròyìn nípa àwọn arúfin, kí á sì pe gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀ ní “àjọtọ́jú”. Títọ́jú gba ṣíṣọ́ mọ́ra, ó tún gba gbígbin igi, dídá iyanrìn padà, fífi òfin de ìpẹja fún ìgbà díẹ̀, àti kíkọ́ ọmọ bí àwọ̀n ṣe yẹ kó rí. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Abidjan fi àfikún mẹ́ta sí i ní 2019, ọ̀kan dá lórí epo àti gáàsì inú òkun, ọ̀kan dá lórí àbójútó etíkun lódidi, ìkẹta dá lórí àwọn igi inú omi iyọ̀ tí mo mẹ́nu bà lókè yìí. Ṣíṣọ́ nìkan kò lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọ́n ti bi mí pé ṣé “àjọtọ́jú” kò ní í dàrú mọ́ “àjọ”, ìyẹn àjọ bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìdí kan náà ni méjèèjì ti wá, jíjọ ṣe nǹkan ni. Ẹni tó bá sì gbọ́ ọ bí ẹni pé “àjọ tó ń tọ́jú” kò tíì ṣìnà jìnnà, nítorí iṣẹ́ yìí kì í dúró láìní àjọ. Dẹ́nmárkì, Jámánì àti Nẹ́dálándì kéde ní 1982 pé àwọn ó jọ tọ́jú Wadden Sea, omi tí kò jìn tó wà ní etíkun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èdè mẹ́ta ni wọ́n ń sọ, kálukú ló sì ní orúkọ tirẹ̀ fún omi náà. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ni wọ́n dá sílẹ̀ fún un ní 1987, ní Wilhelmshaven ní Jámánì. Ní 2009, UNESCO kọ apá ti Jámánì àti Nẹ́dálándì mọ́ àwọn ogún àgbáyé, ti Dẹ́nmárkì sì wọlé ní 2014. Ẹ wo iye ọdún tó gbà, kò sì jọ pé wọ́n ì bá débẹ̀ bí kò bá sí àjọ tó ń rántí fún gbogbo wọn.

Ohun tí mo dábàá kí á kọ sílẹ̀ nìyí: “Àjọtọ́jú ọrọ̀ etíkun: kí àwọn orílẹ̀-èdè, àwọn àjọ àti ẹgbẹ́ apẹja tó wà ní etíkun kan náà jọ máa tọ́jú ẹja, iyanrìn, igi àti omi tí wọ́n jọ ní.” Bí a bá fẹ́ ẹ kúrú, “àjọtọ́jú etíkun” ti tó. Ẹ̀yin tó bá ní òótọ́ ọ̀rọ̀ lòdì sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ kí á tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe ìwé ìtumọ̀ náà.

Ọ̀kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn: bí ìgbì ṣe ń ti iyanrìn rìn létí òkun láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn yìí, mi ò fẹ́ kí á dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un láti orí tábìlì. Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn mìíràn tí bàbá wọn ti ń tu ọkọ̀ lórí omi yìí láti ìran dé ìran ti rí i, ó dá mi lójú pé wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà nítòsí wọn, ẹ bá wa béèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.