Róòmù ni kí n kọ́ ni, àbí Ifẹ̀?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Classics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa èdè àti ìtàn Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́, ni mo kà ní Yunifásítì Ìbàdàn, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Mo wá fẹ́ ka másítà nínú archaeology, ìyẹn ìmọ̀ wíwa ilẹ̀ láti fi mọ̀ nípa àwọn ará àtijọ́, àmọ́ ọkàn mi pín sí méjì.

Ṣé kí n lọ sí ìlú Ọba, níbi tí másítà kì í sábà ju ọdún kan lọ, kí n kọ́ nípa Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́? Àbí kí n dúró sílé, kí n gbájú mọ́ Ifẹ̀? Ifẹ̀ ń fà mí gan-an. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àpáàdì tí wọ́n tò nídùúró sínú ilẹ̀ níbẹ̀, bí eyín àgbàdo, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ pa á títí ẹni tó mú wa lọ fi ní ká máa lọ. Inú sì máa ń bí mi pé Frobenius, òyìnbó Jámánì tó débẹ̀ ní 1910, rí orí idẹ wa, ó ní ti Atlantis ni, erékùṣù tí òkun gbé mì nínú ìtàn Plato ará Gíríìsì!

Látìnì mi dáa díẹ̀, Gíríìkì mi ń tiro. Mi ò sì tíì bá wọn wa ilẹ̀ rí. Ṣé wọ́n lè gbà mí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth, kí lẹ kọ sínú lẹ́tà yín?

Màmá mi ní ta ló máa sanwó oṣù fún ẹni tó ń ṣa àpáàdì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?