Omi ń jò nídìí WC, símẹ́ńtì funfun ò sì mú un

Ìyá Dáre (Àsẹ́rò): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ páìpù. Tá a bá ti fúlọ́ọ̀ṣì WC wa, omi á yọ nídìí rẹ̀, yàrá á sì máa rùn. Àwo náà ń mì. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti fi símẹ́ńtì funfun di etí rẹ̀, ó tún sán. Páìpù ínṣì 4 ló wọlẹ̀ tààrà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé a lè tún un ṣe fúnra wa?

Púlọ́mbà Láfẹ́nwá: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tómi ti ń wá. Ẹ po búlúù ìfọṣọ sínú táǹkì, ẹ nu ilẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá fúlọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bómi tó yọ bá mọ́ gaara, họ́ọ̀sì tó ń gbémi wọ táǹkì ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá ní búlúù, ẹ fọwọ́ kan abẹ́ táǹkì. Tíbẹ̀ bá gbẹ, a jẹ́ pé ìdí àwo ló ń jò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi símẹ́ńtì dí i mọ́. Ó le, kò lè bá àwo tó ń mì lọ, ó sì ń sé omi ìdọ̀tí mọ́ abẹ́ táìsì.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀: Ẹ ti fáàfù, ẹ fúlọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi fóòmù fa omi tó kù. Ẹ tú họ́ọ̀sì àti nọ́ọ̀tì 2 tó wà nídìí àwo. Ẹni 2 ni kó gbé e sókè gbọọrọ. Ẹ ki àkísà sẹ́nu páìpù kí òórùn má bàa jáde (ẹ rántí yọ ọ́ o!). Ẹ ha ìda àtijọ́ (òrùka rírọ̀ tó ń dí àárín àwo àti páìpù kómi má bàa jò) kúrò pátá, kí ẹ wá wo flange, ìyẹn òrùka ẹnu páìpù tí wọ́n fi bóòtù de àwo mọ́. Bí ojú bóòtù rẹ̀ bá ti ya, ẹ ra òrùka irin tí wọ́n fi ń tún un ṣe, kí ẹ fi síkúrù tí kì í dípẹtà kàn án mọ́ kọnkéré.

Ẹ kọ́kọ́ gbé àwo lé e láìsí ìda. Bó bá ṣì ń mì, ẹ fi èèkàn ike há abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìda tuntun sí i, ẹ gbé àwo sọ̀ tààrà, ẹ má yí i. Ìda tá a ti tẹ̀ rí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fún nọ́ọ̀tì ọ̀tún díẹ̀, kí ẹ fún tòsì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣe é títí àwo ò fi ní mì mọ́. Àfúnjù ló ń fọ́ àwo. Sílíkónì ni kẹ́ ẹ fi yí etí rẹ̀ ká, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ lẹ́yìn kí ẹ lè tètè rí i bó bá tún jò. Ó di wákàtí 24 kómi tó kàn án.

Ìyá Dáre: A ti gbé e. Flange fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1 relẹ̀ ju táìsì lọ.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀: Ohun tó fa á nìyẹn, mà! Wọ́n lẹ táìsì tuntun lórí ti tẹ́lẹ̀, ìda ò wá kan àwo mọ́. Ó yẹ kí flange ga ju táìsì lọ ní bíi mílímítà 6. Ẹ ra òrùka ìgbéga, ẹ fi sílíkónì sáàárín òun àti flange, kí ẹ wá fi bóòtù tó gùn dè é. Ẹ má to ìda 2 léra, ó lè yẹ̀.

Púlọ́mbà Láfẹ́nwá: Bí WC bá ń hó gùdùgùdù lẹ́yìn òjò, sọ́kàwéè ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Òkúta sún mọ́ òkè níbi púpọ̀ l'Ábẹ́òkúta, omi kì í tètè wọlẹ̀.