Ejò kan ká jọ sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ wa, ṣé kí n pa á ni?

Ìyá Fẹ́mi, Ọ̀tà: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ejò kan wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ wa láti àárọ̀, ó sanra àmọ́ kò gùn, ara ẹ̀ dúdú pẹ̀lú àmì ràkọ̀ràkọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i ńṣe ló ká jọ rogodo tó ki orí bọ àárín. Onílé ní ká bẹ́ ẹ lórí kíá. Bàbá Fẹ́mi ò sí nílé, àwọn ọmọ sì wà níbí. Ṣé ó lóró?

Ọmọ Kétu: Mọ́námọ́ná nìyẹn mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á! Kò lóró rárá. Orí tó ki bọ àárín yẹn, ẹ̀rù yín ló ń bà á. Kì í sábà gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ, alẹ́ ló ń jáde, eku ló sì ń wá kiri. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, ní ìlú Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ní ilé òrìṣà fún un, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà gan-an, tó bá rìn wọ ilé ẹnikẹ́ni wọn ò ní lù ú, wọ́n á rọra gbé e padà ni. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n ń fi àdá gé e wẹ́wẹ́.

Bàbá Àgbẹ̀: Ẹ dúró ná o. Paramọ́lẹ̀ náà sanra, kò gùn, kì í sì í tètè sá, ìyẹn ń pààyàn. Àmọ́ òun kì í fi orí pa mọ́, á wú, á máa mí hìì hìì sí yín. Tó bá ti ká rogodo tó dákẹ́, mo gbà pé mọ́námọ́ná ni. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kàn án. Ejò dúdú tín-ín-rín kan wà tó ń gbé inú ilẹ̀, àwọn èèyàn á ní kò lè ṣe nǹkan kan, eyín ẹ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu láìlanu, béèyàn di ọrùn ẹ̀ mú á ṣì gún un. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì lélẹ̀ nítòsí mọ́námọ́ná yẹn, kí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjú sí i, ẹ fi igi ìgbálẹ̀ gígùn tì í wọlé.

Ìyá Fẹ́mi, Ọ̀tà: Ẹ ṣé gan-an ni. Ó ti wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ti dé e, àbúrò mi ń gbé e lọ sígbó. Onílé ṣì ń bínú o. Oúnjẹ adìyẹ là ń kó síbẹ̀, eku pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọmọ Kétu: Ẹ kó oúnjẹ yẹn sínú dúrọ́ọ̀mù onídèrí lónìí mà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òmíràn á tún wá.